Ìbọn Mélòó Ni Kí N Gbé Lọ Sí Limpopo?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n ọdẹ. Òkè-Àró níbí ní Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Àna mi tó wà ní Johannesburg ti sanwó oko ọdẹ ọjọ́ méje fún èmi àti òun ní Limpopo, ìpínlẹ̀ kan ní South Africa, ní oṣù Keje tó ń bọ̀: impala, kudu (ẹran igbó bí àgbọ̀nrín ni méjèèjì), ìmàdò, àti ẹfọ̀n kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi. Mo ní ráífù .375 tí bàbá mi fi sílẹ̀, ìwé rẹ̀ sì ti wà lórúkọ mi. Mo ní dọ́bù bárẹ́ẹ̀lì tí mo fi ń dẹ òyà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Oǹdó sì ní òun máa yá mi ní .30-06 tòun. Ó ní kí n kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, ìbọn kékeré fún ẹran kékeré, ńlá fún ńlá. Ẹ̀gbọ́n, mélòó ni kí n gbé? Mi ò fẹ́ kí àwọn òyìnbó tó wà níbẹ̀ rí mi bí ọdẹ tí kò níbọn."

Ẹ kú ìmúra ìrìn-àjò, bùọ̀dá mi. Ẹ bá mi kí àna yín. Àna tó sanwó ẹfọ̀n fún èèyàn, àna gidi ni.

Ọ̀kan ni kí ẹ gbé, .375 bàbá yín (nọ́mbà yìí ń sọ bí ẹnu ìbọn ṣe fẹ̀ tó, ní íǹṣì). Bí ẹ ò bá sì ní lè yìn ín dáadáa kó tó di oṣù Keje, ẹ má gbé ìkankan, kí ẹ yá tiwọn lọ́hùn-ún. Méjì ò kàn yín ní ìrìn yìí, mẹ́ta ni ká má tiẹ̀ dárúkọ. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí lè má dùn mọ́ ọ̀rẹ́ yín nínú, torí náà ẹ jẹ́ kí n tú u palẹ̀.

Ti ọ̀rẹ́ yín ni ká kọ́kọ́ yọ kúrò, torí òun ló rọrùn jù. A kì í yá èèyàn ní ìwé àṣẹ ìbọn. Orúkọ ọ̀rẹ́ yín ló wà nínú ìwé yẹn, òun nìkan ni ọlọ́pàá sì mọ̀ mọ́ ìbọn náà. Ẹ gbé e láti Oǹdó dé Òrè péré, ẹ ti di ẹni tó ń gbé ìbọn oníbọn kiri ojú títì, ká má tíì sọ ti pápákọ̀ òfuurufú Èkó. Ní South Africa náà, ẹ̀rí pé ìbọn jẹ́ ti ẹni tó gbé e wá wà lára ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè.

Nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú àwa ọdẹ kì í rántí. Òfin ìbọn Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ṣe ní 1959 tó ṣì wà títí dòní, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a ń ki láti ẹnu wà lọ́tọ̀. Dọ́bù bárẹ́ẹ̀lì àti ráífù ọdẹ wà lọ́tọ̀. Ìsọ̀rí tó le jù ni ti àwọn ìbọn tí ará ìlú ò gbọ́dọ̀ ní àfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti dárúkọ ráífù ológun tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 7.62 mm, 9 mm, .300 àti .303. Ẹ wá wo .30-06. Iṣẹ́ ológun ni Amẹ́ríkà ṣe é fún ní 1906, tí a bá sì fi mìlímítà wọ̀n ọ́n, 7.62 ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni .308 tí àwọn ọdẹ South Africa fẹ́ràn bí ojú. Mi ò sọ pé ìwé ọ̀rẹ́ yín kò pé o, mi ò rí i, mi ò sì bèèrè. Ohun tí mò ń sọ ni pé èmi kò ní gbé ìbọn tí ẹnu rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ lọ síwájú ọ̀gá ọlọ́pàá kankan, kí n ní kó fún mi níwèé láti gbé e kọjá ààlà. .375 yín kò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn.

Dọ́bù yín náà, ẹ fi sílé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá yin awó tàbí àparò ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìbọn ẹyẹ ò ní ṣàì wà lóko wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ̀ yín pé ṣakabùlà máa dára nínú fọ́tò. Mo ti gbọ́ irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ rí, láti ẹnu ẹni tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀tù kì í wọ ọkọ̀ òfuurufú, ì báà jẹ́ ìwọ̀n ṣíbí kan.

Ó wá ku .375. Mo mọ ohun tó ń jà lọ́kàn yín: ṣé ìbọn ẹfọ̀n kò ní fọ́ impala túútúú? Kò ní fọ́ ọ. Ẹran tó ń fọ́ túútúú lábẹ́ ìbọn, ọta kékeré tó ń sáré àsápajúdé ló sábà ń ṣe é. Ọta .375 wúwo, kì í sáré jù, ó ń gba ara ẹran kọjá ni. Ilé iṣẹ́ Holland & Holland ní London ló gbé e jáde ní 1912, láti ìgbà náà sì ni àwọn tó ń dẹ igbó Áfíríkà ti ń fi ìbọn kan yẹn ṣe tibi tire, láti orí ẹran tí kò ju àgbọ̀nrín lọ dé orí erin. Bí ọta rẹ̀ tó jẹ́ 300 grain (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ ìwúwo ọta) ṣe ń fò tó sì ń wálẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti .30-06 tó gbé ọta 180 grain. Igbó Limpopo kì í ṣe pápá gbalasa, ẹ̀gún àti igi kéékèèké ló kún un. Láàárín 50 sí 150 mítà ni ẹ ti máa yin èyí tó pọ̀ jù nínú ẹran yín. Ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí .30-06 máa ṣe fún yín tí .375 ò ní ṣe.

Ìbọn kékeré ni kò lè dúró fún ńlá. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń dẹ ẹfọ̀n, .375 ni wọ́n kà sí ìbọn tó kéré jù tí èèyàn lè gbé lọ bá a. Namibia, tó pààlà pẹ̀lú South Africa, tiẹ̀ fi ìṣirò sínú òfin tiwọn. Agbára ọta bó ṣe ń jáde lẹ́nu ìbọn gbọ́dọ̀ tó 1,350 joule fún springbok, ẹran kékeré bíi impala, ó gbọ́dọ̀ tó 2,700 fún kudu, ó sì gbọ́dọ̀ tó 5,400 fún ẹfọ̀n àti erin. .243 tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbé fún ẹran kékeré kì í sábà dé 2,700 yẹn. .30-06 kọjá rẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 4,000 ló ń mọ. .375 ń lọ sí bíi 5,700. Limpopo kọ́ ni Namibia o, mo kàn fẹ́ kí ẹ rí i bí agbára ìbọn kọ̀ọ̀kan ṣe tó ni. Ìbọn tó bá tó ẹfọ̀n pa ti tó gbogbo ẹran tó wà lórí ìwé yín, ìmàdò àti impala kò sì ní bèèrè ìdí tí ẹ fi gbé ìbọn ńlá wá bá wọn.

Torí náà, "kékeré fún kékeré, ńlá fún ńlá" tí ọ̀rẹ́ yín ń wí, tí a bá wò ó síwá sẹ́yìn, ńlá nìkan ló máa kù.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí wà gan-an. .375 kì í ṣeré. Bó ṣe ń ta padà sí èjìká fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti .30-06. Ọdẹ tí kò mọ̀ ọ́n lára á ti di ojú kó tó fà á, èjìká á ti sún sẹ́yìn, ọwọ́ á ti fún ìbọn mọ́lẹ̀. Ara ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ojo. Ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé ọta tó yẹ kó wọ àyà á lọ wọ ikùn. Impala tí ọta bà níkùn, ẹ óò fi ọ̀sán kan wá a kiri. Ẹfọ̀n tí ọta bà níkùn á wọ inú ẹ̀gún lọ, á dúró, á kọjú sí ọ̀nà tó gbà wọlé, á sì máa dúró de ẹni tó ń tọpa rẹ̀ bọ̀. Àwọn bàbá wa tó dẹ ẹfọ̀n nígbà tó ṣì pọ̀ nínú igbó wa kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣàwàdà, àwọn tó ń dẹ ẹ́ lónìí náà ò fi ṣeré.

Ẹ kọ ọ́ pé bàbá yín ló fi .375 sílẹ̀, ẹ sì kọ ọ́ pé dọ́bù ni ẹ fi ń dẹ òyà. Mo ka gbólóhùn méjèèjì pọ̀, ó sì jọ pé ẹ̀yin àti .375 yẹn ò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ ara yín. Bí mo bá ṣì yín mọ̀, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ka ìbọn, ẹ ka ọta. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ máa yìn ín láti ìsinsìnyí títí di oṣù Keje, lórí ìdúró, kì í ṣe lórí ìjókòó? Tí kò bá ní tó ogójì, ẹ fi í sílé. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí. Ìbọn kejì tí wọ́n sì fẹ́ gbé, ogójì tirẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀kẹta náà bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń sọ ìbọn kalẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó lé eku méjì á pòfo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ ṣe máa ṣe é. Àwa ọdẹ ìhà ibí, òru la mọ̀ jù: iná wà níwájú orí, ojú ẹran ń tàn, ó dúró, a fara ti igi, a yìn. Ní Limpopo, ọ̀sán gangan ni. Ọdẹ afinimọ̀nà tó máa mú yín wọ igbó á máa lọ níwájú, á ṣàdédé dúró, á gbé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ síwájú yín, á sì rọra sọ pé: "Kejì láti ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ dúró ná. Ó ti yí ẹ̀gbẹ́. Ó yá." Láti ìgbà tí igi yẹn fi kanlẹ̀ títí ọta á fi jáde, ẹ lè má rí ju ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan lọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ìdí ìbọn máa wà léjìká nígbà yẹn ti pẹ́ jù.

Igi náà kò wọ́n, ẹ kò ní láti rà á. Ẹ gé ọparun mẹ́ta tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó ga tó èjìká yín tó sì lé díẹ̀. Ẹ fi rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ so ó ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí òkè, kó lè ya ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ kó sì ṣe bí àmúga lókè tí ìbọn á jókòó sí. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá, ẹ yọ ọta kúrò, ẹ fi ìka wo inú ihò ìbọn, ẹ tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ẹ sì kó gbogbo ọta lọ sí yàrá mìíràn. Lẹ́yìn náà ẹ lẹ bébà kékeré mọ́ ara ògiri tí kò sí èèyàn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gbé igi kalẹ̀, ẹ gbé ìbọn lé e, ẹ fojú sùn ún, ẹ fà á láìsí ọta. Ẹ gbé e kúrò, ẹ tún un ṣe. Lọ́sẹ̀ kìíní ó máa dà bí eré ọmọdé. Nígbà tó bá máa fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìbọn á ti máa wá èjìká fúnra rẹ̀.

Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn bí ẹ bá ń ṣe é. Mo mọ̀ pé ooru Àkúrẹ́ kì í ṣeré, ẹ óò làágùn, ìyàwó á sì máa wò yín. Àmọ́ oṣù Keje ni òtútù máa ń mú lọ́hùn-ún, àfẹ̀mọ́júmọ́ Limpopo a máa gan èèyàn. Aṣọ tó nípọn ń ti ìdí ìbọn síwájú, ojú yín á sì jìnnà sí awò ìfojúsùn tó wà lórí rẹ̀ ju bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ọdẹ tó bá fi síńgílẹ́ẹ̀tì kọ́ ìbọn á kó sínú ìdààmú láàárọ̀ ọjọ́ kìíní.

Tó bá di ti ọta gidi, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 50 mítà, kí ẹ tó sún un sí 100. Márùn-ún tàbí mẹ́fà ti tó lọ́jọ́ kan. Ẹ má ṣe ṣe akin kọjá ìyẹn, torí èjìká tó bá ti ń roni ló ń kọ́ni ní ojú dídì. Ibi tí ẹ ti máa yìn ín náà gba ọgbọ́n. Bí ìlú ṣe rí báyìí, ẹ ò lè kàn gba ọ̀nà Òfosù tàbí Ìfọ́n wọ igbó kí ẹ máa dún ráífù láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá tó sún mọ́ ibẹ̀, ẹ sọ fún Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ sọ fún olórí ọdẹ àdúgbò, kí ìwé yín sì wà lọ́wọ́.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé a kì í rí ọta .375 rà bí a ṣe ń rí kátíríìjì dọ́bù. Ẹ lọ bi oníṣòwò ìbọn tó níwèé àṣẹ kí oṣù yìí tó parí. Tó bá ní òun ò ní, tàbí tó bá jẹ́ páálí kan péré ló rí, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sí ọ̀nà kejì: ẹ yá ìbọn lọ́hùn-ún. Kò sì sí àbùkù níbẹ̀.

Ìbọn yíyá ní South Africa, iṣẹ́ tó ti mọ́ wọn lára ni. Oko ọdẹ tó bá tó nǹkan á ní .308 tàbí .30-06 kan fún kudu, á sì ní .375 fún ẹfọ̀n, owó rẹ̀ sì máa ń jẹ́ iye kan lójúmọ́. Òfin ìbọn wọn, ti ọdún 2000, gba ẹni tó ní ìbọn láyè láti jẹ́ kí ẹlòmíràn lò ó bó bá ti dúró tì í. Ọdẹ afinimọ̀nà kò sì ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lọ́nàkọnà. Ẹ ò ní kọ fọ́ọ̀mù, ẹ ò ní gbé àpótí, ẹ ò ní bẹ̀bẹ̀ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni ní pápákọ̀. Ohun tí ẹ máa pàdánù ni ìbọn tó mọ ara yín. Bí apá yín bá gùn ju ti ẹni tí wọ́n ṣe ìdí ìbọn náà fún, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Ọlọ́wọ́ òsì ni mo máa ń gbà níyànjú pé kó sa gbogbo ipá rẹ̀ láti gbé tirẹ̀, torí ìbọn ọlọ́wọ́ òsì kì í pọ̀ nínú ìbọn àyálò. Bí ẹ bá máa yá, ẹ dé ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ fi odindi ọ̀sán yìn ín sí bébà kó tó di pé ẹran kankan wọ ọ̀rọ̀ náà.

Bí .375 yín bá jẹ́ èyí tí ẹ gbé, ìwé ni iṣẹ́ tó kù. Láti ilé, ẹ gba ìwé lọ́dọ̀ ọlọ́pàá tó fi hàn pé ẹ lè gbé e jáde kúrò ní Nàìjíríà kí ẹ sì gbé e padà wọlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, torí ẹ̀ ń gbọ́ bí ọ́fíìsì ṣe ń rí. Ní South Africa, fọ́ọ̀mù tí ọlọ́pàá wọn ń lò ni wọ́n ń pè ní SAPS 520. Ẹ máa so ìwé ìrìnnà, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀, ìwé àṣẹ ìbọn àti lẹ́tà ìpè láti oko ọdẹ mọ́ ọn. Ìbọn kan péré ni wọ́n ń gbà fún ẹnu kan náà, ọta rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju 200 lọ. Ìbọn tó ń ki ara rẹ̀ lọ́ta ń fa wàhálà, ẹ má tiẹ̀ dán an wò.

Ẹ wo ohun kékeré kan tó máa ń dá èèyàn dúró níbẹ̀. Ọlọ́pàá pápákọ̀ á ní kí ẹ ṣí àpótí, á gbé ìbọn, á fa bóòtù (irin tí a fi ń ki ọta) yọ, á sì wá nọ́mbà ara rẹ̀ láti fi wé ti inú fọ́ọ̀mù, lẹ́tà sí lẹ́tà. Lára àwọn ìbọn kan, ibi tí nọ́mbà wà gan-an ni irin tó di awò mú wá jókòó lé. Á tan tọ́ọ̀ṣì, á yí ìbọn síbí, á yí i sọ́hùn-ún, ìdajì nọ́mbà ló máa rí. Tí kò bá sí sùkùdíráfà nítòsí tí wọ́n máa fi tú awò náà, ẹ ti dúró nìyẹn. Tí ẹ bá sì tú u, ibi tí ẹ ti fojú ìbọn sí tẹ́lẹ̀ ti bàjẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ tún un tò lóko. Torí náà, lónìí, ẹ gbé .375 yẹn síta sí oòrùn, ẹ wá nọ́mbà rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe wà lára irin, kì í ṣe bó ṣe wà nínú ìwé. Ìbọn tó ti lọ́jọ́ lórí báyìí, àwọn méjèèjì kì í fìgbà gbogbo bára mu, akọ̀wé lè ti fi 0 ṣe O. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá ilé tún un ṣe kí ẹ tó kúrò ní Àkúrẹ́.

Ọkọ̀ òfuurufú náà ní ìlànà tirẹ̀. Àpótí ìbọn gbọ́dọ̀ le, kó ní àgádágodo, kó sì jẹ́ pé ọwọ́ yín ni kọ́kọ́rọ́ wà, torí wọ́n lè pè yín kí ẹ wá ṣí i. Ẹ ti gbọ́dọ̀ sọ fún wọn ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò pé ìbọn wà nínú ẹrù yín, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń gbà á. Ẹ wá èyí tó máa gbé yín lọ tààrà láti Èkó sí Johannesburg. Tí ẹ bá bọ́ọ́lẹ̀ lórílẹ̀-èdè mìíràn láàárín ọ̀nà, òfin ìbọn tibẹ̀ náà lè kàn yín. Ní ti ọta, 5 kílò ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èrò kan. Ọta .375 kan ń lọ sí bíi 40 gíráàmù, torí náà 60 á wà ní nǹkan bíi kílò méjì àtààbọ̀: 40 tó ń là nínú ẹran fún iṣẹ́ gbogbo, 20 líle tí kì í là fún ẹfọ̀n lẹ́yìn ọta àkọ́kọ́. Ó tó, ó sì ṣẹ́kù. Ẹni tó bá gbé ìbọn mẹ́ta á pín 5 kílò yẹn sí mẹ́ta, á sì tún gbé àpótí kejì tí wọ́n á gbowó lé lórí.

"Tí ìbọn kan ṣoṣo yẹn bá wá bàjẹ́ ńkọ́?" Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, òun ló sì máa ń mú kí àwọn ọlọ́gbọ́n náà gbé méjì. Ráífù tó ń fi ọwọ́ ki ọta kì í tètè bàjẹ́, a kì í sábà gbọ́ ọ. Awò orí rẹ̀ ni ẹlẹgẹ́ ibẹ̀. Àwọn tó ń kó ẹrù ní pápákọ̀ á ju àpótí, gíláàsì inú awò á sún, ẹ óò yìn ín sí bébà ní ọjọ́ kìíní, kó lọ bà ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ẹ̀gbẹ́. Dípò ìbọn kejì, ẹ gbé awò kejì tí ẹ ti fojú rẹ̀ sí ìbọn yín láti ilé. Kò wúwo tó bàtà, kò sì sí ọlọ́pàá tó máa bèèrè ìwé rẹ̀. Bí ìbọn fúnra rẹ̀ bá wá dákú, ti oko wọn ń bẹ níbẹ̀. Lọ́jọ́ ẹfọ̀n pàápàá, ìbọn méjì ló máa wà nínú igbó: ọdẹ afinimọ̀nà yín kì í bá èèyàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹfọ̀n lọ́wọ́ òfo.

Èmi náà máa ń sọ fún àwọn kan pé kí wọ́n gbé méjì. Ẹni tó ń lọ síbi tó jìn réré, bí igbó Niassa ní Mozambique, níbi tí kò ti sí oníbọn tó lè yá èèyàn nítòsí, kó gbé méjì. Ẹni tó fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó ń wá erin tàbí ẹfọ̀n tí kò sì fẹ́ kí ìró .375 dẹ́rù ba gbogbo igbó nítorí oúnjẹ alẹ́, kó gbé kékeré kan mọ́ ọn. Ẹ̀yin, ọjọ́ méje, ẹran mẹ́rin, oko tó ní ìbọn tirẹ̀. Kò kàn yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó tí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n fojú tín-ín-rín yín. Òye rẹ̀ yé mi. A ti wá láti ìdílé tí wọ́n ń fi ìbọn mọ ọdẹ, ọjọ́ ọdún Ògún kọ́ ni èèyàn ń lọ lọ́wọ́ òfo. Àmọ́ ní oko yẹn, kò sí ẹni tó ń ka àpótí tó tẹ̀lé èèyàn láti pápákọ̀. Ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á mú yín lọ síwájú bébà kan ní 100 mítà, wọ́n á ní kí ẹ yin mẹ́ta. Àwọn tó ń tọpa ẹran á dúró sẹ́yìn, wọ́n á ṣe bí ẹni tí kò wò yín. Bí ihò mẹ́ta yẹn bá sún mọ́ra tó kí àtẹ́lẹwọ́ kan bò wọ́n, gbogbo wọn ti mọ irú ọdẹ tí ẹ jẹ́. Bí wọ́n bá sì fọ́n káàkiri, kò sí ìbọn mélòó tó lè tún un ṣe. Mo ti rí alejò tó kó ìbọn olówó iyebíye wá, tí afinimọ̀nà fi ọgbọ́n yí i padà sí .308 àtijọ́ kan tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, kí ọjọ́ kìíní tó parí.

Ẹ wá ṣe báyìí. Ẹ jẹ́ kí àna yín bi oko ọdẹ náà ní nǹkan mẹ́rin: ṣé wọ́n ní .375 tí wọ́n ń yáni. Ta ló yìn ín gbẹ̀yìn, ìgbà wo sì ni. Ọta wo ló wà fún un. Èló ni lójúmọ́, ọta wà nínú rẹ̀ àbí kò sí. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ bi oníṣòwò ọta, kí ẹ wá nọ́mbà ara ìbọn bàbá yín. Bí ọta bá wà tí nọ́mbà sì bá ìwé mu, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí gé ọparun. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá wọ́, ẹ sọ fún àna yín kó san owó ìyálò mọ́ owó tó ti san. Kí ẹ sì pe ọ̀rẹ́ yín ní Oǹdó, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ ní kó fi .30-06 rẹ̀ sí ibi tó wà.